Coleslaw Ìbàdàn àti coleslaw North Carolina

Ní Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì ni a ti mọ coleslaw: jọ́lọ́ọ̀fù, adìyẹ díndín, mọ́ínmọ́ín, kí òun náà wá gba etí àwo. Ní North Carolina, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí mò ń gbé báyìí, inú búrẹ́dì ni wọ́n sábà ń kó o sí, lórí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan. Kábéèjì kan náà ni, kárọ́ọ̀tì kan náà, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń pinnu bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń pò ó.

Láti apá Jọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ kábéèjì tí à ń rà ní Bódìjà ti ń wá. Oòrùn á ti pa á bọ̀ lójú ọ̀nà. A ó bó ewé ìta dànù, a ó gé e wẹ́wẹ́ bí òwú, a ó fi omi iyọ̀ tàbí fínígà fọ̀ ọ́, torí a kò mọ irú omi tí wọ́n bu wọ́n ọn lóko. Níhìn-ín, ilé ìtajà ti gé e, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì. Èmi kì í rà á. Etí rẹ̀ ti gbẹ, kì í ró lẹ́nu mọ́.

Omi ni wàhálà coleslaw níbi gbogbo. Nínú 100 gíráàmù kábéèjì, bíi 92 ló jẹ́ omi. Bí iyọ̀ àti ṣúgà bá ti kàn án, omi yẹn á máa jáde, mayonéèsì á sì ṣàn. Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká a mọ́: kí n fi ṣíbí kékeré méjì iyọ̀ ra kábéèjì kan tí mo gé, kí n gbé e sínú asẹ́ fún wákàtí kan, kí n ṣàn án, kí n sì fún un gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mayonéèsì ife kan, fínígà ápù ṣíbí ìjẹun méjì, kóró sẹ́lẹ́rì díẹ̀. Mayonéèsì Duke's tí wọ́n fẹ́ràn níhìn-ín kò ní ṣúgà rárá, olúkúlùkù ló ń bu èyí tó tó o sí i. Inú fíríìjì ló máa sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, adùn á ti wọ kábéèjì lára.

Ta ló jẹ́ dán irú ìyẹn wò nílé, níbi tí iná lè lọ lálẹ́ kó má dé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì? Àwọn alásè wa máa ń gbé kábéèjì lọ sí òde nínú kúlà tó ní yìnyín, láìtíì pò ó. Ìgbà tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ ni Bama tàbí salad cream ń kàn án. Àwọn kan níhìn-ín ń pe ìyẹn ní ìkánjú, ó sì ń dùn mí. FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, sọ pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì, wákàtí kan ṣoṣo bí ooru bá ju 32°C lọ. Ọ̀sán Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òye àwọn ìyá wa ti débẹ̀ tipẹ́.

Èyí tó wù mí kó dé ọ̀dọ̀ wa ni coleslaw pupa ti ìlú Lexington, ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Wọn kì í fi mayonéèsì sí i. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù (ketchup), fínígà, ṣúgà àti ata ni wọ́n fi ń pò ó. Mo ní kí àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ alásè gbìyànjú rẹ̀. Ó ní, “Bùọ̀dá mi, àwọn oníbàárà á ní mo fẹ́ kó owó Bama jẹ.” Mo ní kó gún ata rodo kan sí i, kó kọ́kọ́ fún àwọn tó ń bá a gé ẹran tọ́ wò.