Bí Hurd ṣe ń wá fáìlì láìsí ọ̀gá kan tí ó mọ gbogbo ọ̀nà

Nínú gbogbo ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé ka orí microkernel (kernel kékeré; kernel ni ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ tí ń darí ẹ̀rọ), GNU Hurd, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1990, ni ó wù mí jù lọ, nítorí ọ̀nà tí ó ń gbà wá fáìlì. Inú kernel ni Linux fi iṣẹ́ yìí sí. Ní ti Hurd, Mach tí ó jẹ́ kernel rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ohun tí ń jẹ́ fáìlì. Àwọn server, ìyẹn àwọn ètò tí ń dá ètò mìíràn lóhùn, bí ext2fs tí ń tọ́jú fáìlì orí dísìkì, ni ó ni fáìlì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lóde kernel bí ètò yòókù.

Ká ní ètò kan fẹ́ ṣí /home/ade/iwe.txt. Server tí ó ni gbòǹgbò (/, ibi tí gbogbo ọ̀nà fáìlì ti bẹ̀rẹ̀) ni yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú orúkọ náà lódindi, server yẹn yóò sì tẹ̀ lé ọ̀nà títí dé ibi tí ààlà rẹ̀ mọ. Bí ó bá jẹ́ pé server mìíràn ni ó ń tọ́jú /home, yóò fún ètò náà ní port onítọ̀hún (ojú ọ̀nà tí a fi ń ránṣẹ́ sí i) àti ìyókù orúkọ, kí ó lè lọ bèèrè níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún láti àdúgbò dé àdúgbò. Ní ẹnubodè yìí, ètò náà gbọ́dọ̀ tún fi ara rẹ̀ hàn, server tí ń jẹ́ auth yóò sì jẹ́rìí láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni fáìlì gan-an ni ìbéèrè kíkà àti kíkọ yóò máa lọ tààrà.

Nítorí pé kò sí ọ̀gá kankan láàárín, òǹlò lásán lè fi irinṣẹ́ tí ń jẹ́ settrans so server tirẹ̀ mọ́ fáìlì tí ó jẹ́ tirẹ̀, láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ alábòójútó. Bí ó bá so ftpfs, server tí ń mú fáìlì wá láti kọ̀ǹpútà ibòmíràn, mọ́ ọn, fáìlì ibi jíjìnnà yóò wà níwájú rẹ̀ bí ti inú ilé.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé ríránṣẹ́ léraléra láàárín àwọn ètò máa ń fa ìfàsẹ́yìn, òótọ́ sì ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ló wúwo jù: server tí òǹlò kan gbé kalẹ̀ lè kọ̀ láti dáhùn, tàbí kí ó máa ṣẹ̀dá àpò fáìlì tí kò lópin, kí ètò alábòójútó tí ń ṣe àdàkọ gbogbo fáìlì sì há síbẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi O_NOTRANS (àmì tí ń sọ pé kí a má ṣe gba ọ̀dọ̀ server tí wọ́n so mọ́ fáìlì) ṣí ohun tí ó wà lábẹ́ server náà, kí ó tó pinnu bóyá yóò wọlé.