Ìtọ̀ pupa lẹ́yìn kímò, ẹ̀jẹ̀ kọ́ o

Ẹ̀yin ará Okun, ọ̀kun o. Látìgbà tí àǹtí mi ní Kàbà ti ń lọ gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ní Ìlọrin nítorí jẹjẹrẹ ọmú, ohun tí gbogbo ilé ń bi mí ni pé oògùn pupa yẹn, ibo ló ń gbà lọ nínú ara? Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí.

Doxorubicin lorúkọ ẹ̀, pupa ẹ̀ dà bíi zobo. Inú iṣan ni wọ́n ń fa á sí, nọ́ọ̀sì á sì máa wo ọwọ́ yín dáadáa torí tó bá jò síta iṣan, ó lè jẹ ẹran ara di egbò ńlá, tó bá ń ta yín ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á mọ́ra, ẹ sọ lójú ẹsẹ̀.

Kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ti wọ ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, àti kókó jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀, á wọnú sẹ́ẹ̀lì, á há sáàárín DNA ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì yẹn ò ní lè pín mọ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì irun orí àti ti mùdùnmúdùn inú eegun náà máa ń pín kíákíá, ìdí nìyẹn tí irun fi ń já, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà sì ń lọ sílẹ̀ tó bá tó bí ọjọ́ 10 sí 14. Tára bá gbóná lásìkò yẹn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kì í ṣe kẹ́mísì.

Ìtọ̀ yẹn wá ńkọ́? Àǹtí pariwo láti bálùwẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ làwọn ń tọ̀! Àwọ̀ oògùn ni, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ pe dọ́kítà, torí cyclophosphamide, oògùn kímò mìíràn tí wọ́n sábà máa ń fi kún un, lè dá egbò sínú àpò ìtọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń ní kéèyàn mu omi gan-an nìyẹn.

Díẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde o. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá ibẹ̀, òun ló ń tú oògùn náà, á dà á sínú òróòro, á wá bá ìgbẹ́ lọ, nǹkan bíi 40% láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún yín nìyẹn, tí ẹ̀dọ̀ ò bá lágbára, wọ́n á dín in kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń gbé àgbo wá kí Àǹtí, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, àgbo lèmi náà mu dàgbà, àmọ́ ẹ̀dọ̀ kan náà ló máa tú àgbo yẹn, a ò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ gbé iyán wá, wọ́n á jẹ ẹ́.

Èyí tó kàn mí jù ni ọkàn. Oògùn yìí lè ba ọkàn jẹ́, bó ṣe ń pọ̀ sí i látìbẹ̀rẹ̀ lewu ẹ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn dọ́kítà sì máa ń ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò ní Ìlọrin bọ́ sí Lọ́kọ́ja, ẹ rí i pé wọ́n kọ iye tẹ́ ẹ ti gbà síwèé fún yín, kẹ́ ẹ sì mú un dání.