Ẹ bá wọn túmọ̀ "ọdẹ orí" kó tó wọ fáìlì ọmọ yín

Láti Ìkòròdú níbí, ẹ lè ṣe púpọ̀ fún ọmọ tí wọ́n tì mọ́ ọsibítù ọpọlọ ní England. Bí a bá fi iye wọn láwùjọ díwọ̀n rẹ̀, òfin ìlera ọpọlọ ibẹ̀ ń mú aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po tó ju mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun lọ. Okùnfà rẹ̀ pọ̀. Èyí tí mo rí i pé ẹbí lè tún ṣe jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì gbọ́.

Ẹ wo ọdẹ orí. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣákálá, ohun tí wọ́n máa kọ ni pé aláìsàn ní ọdẹ kan wà nínú orí òun. Bẹ́ẹ̀, orí tó ń hó, tí nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí èèrà, tí oorun ò wá, ni ọmọ ń sọ. "Ayé ń bá mi jà" náà ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó o: bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè tára rẹ̀ bá le, àdúrà òru rẹ̀, òògùn tó ti lò rí àti ìwọ̀n rẹ̀, àgbo pẹ̀lú, ohun tó ń mú un rọlẹ̀. Bí ọmọ ò tilẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ òun fún yín, wọ́n ṣì lè gbọ́ tiyín.

Section 2, apá òfin náà tó ń tini mọ́ ọsibítù fún àyẹ̀wò, kì í ju ọjọ́ 28 lọ; bí ọmọ bá fẹ́ pẹjọ́ sí tribunal, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó lè ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, àárín ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Lọ́yà rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ọ̀daràn ló fi Section 37/41, àṣẹ ìtọ́jú ní ọsibítù tó ní ìdè lórí ìtúsílẹ̀, rán an lọ, kò lè pẹjọ́ síbẹ̀ láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́.

Ní 2010, Olaseni Lewis, ọmọ ọdún 23, kú lẹ́yìn tí ọlọ́pàá 11 dì í mọ́lẹ̀ ní ọsibítù kan ní London. Òfin 2018 tí ikú rẹ̀ bí ní kí wọ́n máa kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá di ọmọ yín mọ́lẹ̀, kó béèrè fún àkọsílẹ̀ náà, tàbí kó fọwọ́ sí i kí wọ́n fún yín: ọjọ́, ìdí, iye ìṣẹ́jú, àti orúkọ àwọn tó dì í mú.