Ọ̀wọ̀ láìsí ìlù, Oǹdó láìsí bàlánsì

Ẹ̀gbọ́n onígángan wa kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Ọ̀wọ̀ títí a fi dé Ògbèsè. Gángan rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ṣì wà nínú aṣọ tí ìyá tó pè wá fi wé e láàárọ̀, bí ọmọ tuntun tí wọn ò fẹ́ kí òtútù mú. Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo gba òde náà láìbéèrè pé irú àsìkò wo ni.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, lápá Òkè-Àró, gìtá ni mo sì ń ta. (Fífi ìka ta á ni mò ń sọ o, n kì í gbé e lọ Ọjà Ọba.) N kò ní ọ̀gá, n kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ àwo kankan, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi wá òde. Ìkómọ, ìsìnkú àgbà, oyè jíjẹ, ọdún ìlú, ìpàdé ọmọ bíbí ìlú: níbi tí wọ́n bá ti pè mí ni mò ń lọ. Àwa mẹ́rin la jọ ń rìn: èmi, ẹ̀gbọ́n onígángan, ọmọkùnrin kan tó ń lu àkúbà, àti arábìnrin kan tó ń gbe orin lẹ́yìn mi, òun náà ló ń di àpò owó mú.

Ìyá ará Ọ̀wọ̀ yìí ti gbọ́ mi rí níbi ìdúpẹ́ kan ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti dá gìtá ta nígbà tí iná lọ. Ó pè mí lóṣù Kẹjọ pé òun máa pé àádọ́rin ọdún lóṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ òun ń bọ̀ wálé láti Èkó, kí n wá kọrin fún òun. Mo ní kò burú. Àsansílẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kejì. Àsansílẹ̀ ti wọlé tán, ta ló tún ń rántí kàlẹ́ńdà?

A gba ọ̀nà Ọbá-Ilé jáde lówùúrọ̀ kùtù, a kọjá Ògbèsè, a kọjá Ùsò àti Emùré-Ilé, ẹ̀rín àti ẹ̀fẹ̀ la bá dé Ọ̀wọ̀. Ibi tí a ti dúró béèrè ọ̀nà ni ọmọdé kan ti sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ ṣí fìlà yín." Mo rò pé ọmọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìgbà tó yá ni mo wá wo ìgboro dáadáa. Kò sí ọkùnrin kan tó dé fìlà. Kò sí obìnrin kan tó wé gèlè. Ẹ̀gbọ́n onígángan ló kọ́kọ́ yé. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Igogo ni wọ́n ń ṣe."

Ẹni tí kò bá mọ̀: ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ọdún Igogo, nítorí Orọnsẹn ni wọ́n sì ń ṣe é. Aya Rẹrẹngẹjẹn, Ọlọ́wọ̀ (ọba Ọ̀wọ̀) ìgbà kan, ni, wọ́n ní kì í ṣe èèyàn lásán. Ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: kí wọ́n má lọ ilá lójú òun, kí wọ́n má da omi sí àgbàlá, kí wọ́n má ju ìdì igi sílẹ̀ lójú òun. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bínú kúrò láàfin, wọ́n wá a dé igbó, wọn ò bá a, gèlè rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi wé gèlè tàbí dé fìlà lásìkò ọdún náà, tí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á fi di irun bí obìnrin, tí á wọ aṣọ obìnrin tòun ti ìlẹ̀kẹ̀, tí á sì jó yí ìlú ká. Kò gbọdọ̀ sí ìró ìbọn. Kò gbọdọ̀ sí ìró ìlù. Agogo ni wọ́n fi ń jó.

Àwa sì rèé, a kó gángan, àkúbà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì sínú bọ́ọ̀sì.

"Ẹ gbé ìlù wá?" Ìyá náà fọwọ́ lérí. "Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé Igogo la wà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò sọ fún wa."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Gìtá ni mo gbọ́ lọ́wọ́ yín, gìtá ni mo pè."

Ó wọlé, ó mú aṣọ òkè jáde, ó gba gángan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀, ó wé e, ó sì gbé e sórí àga bí àlejò. Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n lè sọ. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn ti borí.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sọ̀kalẹ̀ rárá. A jókòó lágbàlá, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Ọmọkùnrin aláàkúbà gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ṣíbí, ẹ̀gbọ́n kàwọ́ gbera, arábìnrin wa ń pàtẹ́wọ́. Orin àkọ́kọ́ tínrín bí omi ọbẹ̀ ọjọ́ kẹta. Ojú tì mí. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti ń kọrin, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún mi, tí gángan ń ṣe ìyókù. Ohùn mi tó kù kò ju ti ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé lọ.

Nígbà tó di orin kẹta, bàbá arúgbó kan ní kí n fún òun ní Orlando Owoh. Mo ta á díẹ̀díẹ̀. Bàbá náà ló gbé e, kì í ṣe èmi. Àwọn tó kù bá a gbé e. Ká tó mọ̀, gbogbo àgbàlá ti ń kọrin, ṣíbí ń dún lára ìgò, ẹ̀gbọ́n onígángan tó ń bínú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ki ìyá ọlọ́jọ́ìbí. Ẹnu lásán ni o. Mo ti máa ń gbọ́ oríkì lórí awọ gángan rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan rí. Ìyá náà sunkún. Láàárín ìyẹn la gbọ́ agogo láti òpópónà, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, èrò ń kọjá. Mo gbọ́wọ́ lórí okùn. Gbogbo wa dákẹ́ títí wọ́n fi lọ tán. Kò sẹ́ni tó ní ká dákẹ́.

Ọkùnrin kan fi ẹgbẹ̀rún náírà há ihò gìtá mi bó ti ń jáde lọ. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí i yọ.

Ṣùgbọ́n inú ẹ̀gbọ́n kò rọ̀. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó tún gbé ojú rẹ̀ kọ́. Ìgbà tí a dé Ògbèsè, tí a dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ló tú aṣọ náà, ó lu gángan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọjà, ó tún wé e padà. Àwọn ìyá ọlọ́ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Oǹdó ló kàn, ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ìpàdé ọmọ bíbí ìlú kan ni, inú gbọ̀ngàn ńlá. Níbẹ̀, ìlù dùn títí. Wọ́n ní ká dé ní aago mẹ́wàá, aago méjì la kọrin àkọ́kọ́, nítorí pé alága ka ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, igbákejì alága náà sì ka tirẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ kì í jẹ́ kí onígìtá kan kọjá láìrán an létí pé ìdílé ọba Oǹdó ni Sunny Adé ti wá. Ẹni mẹ́rin ló sọ fún mi. Mo dá gbogbo wọn lóhùn pé, "Ẹ kú oríire, sà."

Ohun tó dùn jù níbẹ̀ kò ti ọwọ́ wa wá. Àwọn ìyá kan dìde, wọ́n dá orin Obìtún sílẹ̀, orin tí wọ́n máa ń kọ fún ọmọbìnrin tó ń di àgbà. Mo wá ọ̀nà rẹ̀ lórí gìtá, mi ò rí i. Èdè Oǹdó jìn, ohùn orin náà sì ń tẹ̀ síbi tí ìka mi ò rò. Mo ṣe bíi ti Ọ̀wọ̀, mo gbọ́wọ́ kúrò, mo jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán.

Ní ti owó, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti ka nínáwó sórí olórin léèwọ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Òfin náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jí ní 2024, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn gbajúmọ̀ lọ ilé ẹjọ́. Láti ìgbà náà, arábìnrin wa ló ń gbé àpò kiri, kí wọ́n sọ ọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe bákan náà. Ẹni tó ń lẹ owó mọ́ọ̀yàn níwájú á fẹ́ kí ayé rí i, àmọ́ tó bá di inú àpò, ọwọ́ máa ń há. Àwọn kan tún ń ní àwọn á ṣe tránsífà. Mo ṣì ń retí díẹ̀ nínú rẹ̀.

Bàlánsì wa ńkọ́? ₦150,000 ló kù. Akọ̀wé owó wọn ní ẹ̀rọ wa kò ròkè tó, kí á ní sùúrù títí di ìpàdé tó ń bọ̀. Mo san owó bọ́ọ̀sì àti ti àwọn èèyàn mi látinú àpò. Ohun tó kù fún mi kò ra okùn gìtá méjì.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá Ọ̀wọ̀ pè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó lóṣù Kejìlá. Mo ní, "Ẹ kú oríire mà. Igogo á ti kọjá nígbà náà, a lè gbé ìlù wá."

Ó ní, "Rárá o. Bẹ́ ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́sí ni kí ẹ tún ṣe é."

Mo ti gba àsansílẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n onígángan.