Ẹ̀dọ̀ Ajá, ní Ìbàdàn àti ní Leeds

Nígbà tí Tanímọ̀la, ajá bàbá mi ní Ìbàdàn, kọ oúnjẹ, a ní yóò jẹun tó bá di ọ̀la. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi lámujù, a ní ooru ni. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú, tí ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè, ni a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí agbo lè wò. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó sì ń dùn mí títí di òní pé àgbàdo tó ti bu, tí a kò lè fi ṣe ògì, ni a máa ń sè fún un, nítorí pé májèlé tó ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bu máa ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́.

Ní Leeds níbí, ajá mi Labrador ń jẹun, ó ń sáré, kò sí ohun tó ṣe é lójú mi. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdọọdún, èyí tó ń dènà àrùn inú ìtọ̀ eku, ni dókítà ẹranko fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó sì rí i pé ALT, ohun tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá farapa, ti ga. Ẹ̀dọ̀ lè bàjẹ́ gan-an kí ó tó hàn lára ajá. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìjẹun, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n sì tún fà á lẹ́yìn wákàtí 2, láti mọ bí ẹ̀dọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Nítorí pé èròjà bàbà (copper) máa ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀, wọ́n yí oúnjẹ rẹ̀ padà, a sì ń tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò látìgbàdégbà. Adójútòfò tí mo ń san lóṣooṣù ló gbé púpọ̀ nínú owó rẹ̀.

Nílé, àpò ara ẹni ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí wa nígbà náà. Ohun mìíràn tún ni pé ibà tí eégbọn ń fà náà máa ń mú ẹyinjú ajá pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú, nítorí náà ojú lásán kò lè ya ibà yìí àti àrùn ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀.

Mo ti bẹ àbúrò mi ní Bódìjà pé kí ó máa ṣí ètè ajá rẹ̀ sókè ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ó wo èrìgì rẹ̀ nínú oòrùn bóyá ó ti ń pọ́n bí ìyeyè, kí ó gbé e dání gun ìwọ̀n, kí ó sì yọ ìwọ̀n tirẹ̀ kúrò, kí ó má sì fún un ní parasitamọ́ọ̀lù láé. Lóṣù tó kọjá, ó ní ìtọ̀ ajá náà dà bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ọjọ́ kejì ló gbé e lọ. Kòkòrò ibà eégbọn ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ajá sì ti ń jẹun padà.