Ìkọlà fún àgbà ọkùnrin: nílé àti ní Ìlú Ọba

Nílé wa n'Ìbàdàn, mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n jókòó jíròrò bóyá kí wọ́n kọlà fún ọmọkùnrin tàbí kí wọ́n má kọ ọ́. Ẹni tó máa kọ ọ́ ni wọ́n máa ń jíròrò lé lórí: ṣé olóólà ni, àbí nọ́ọ̀sì? Ní Ìlú Ọba tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì báyìí, ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ tí aláìsàn ti ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà, ọkùnrin tó ti tó bàbá ọmọ ló máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí á máa bi mí bóyá ó máa dun òun. Àwa tí wọ́n kọ nílà ní kékeré kò rántí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mò ń rí níbí.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọlà fún àbúrò mi. Ìyá àgbà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, olóólà yọ abẹ, kí a tó ṣẹ́jú ó ti tán. Ó wá mú ìgbín, ó fọ́ ìdí ìkarahun rẹ̀, ó ń jẹ́ kí omi rẹ̀ kán tó, tó, tó sójú egbò. Wọ́n fún ọmọ lọ́mú, ó sùn. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ olóólà, àmọ́ mi ò ní gbé ọmọ tèmi fún un, torí abẹ tí wọn kò sè lè kó àrùn ran ọmọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì kọ̀ tí kò dá, kò sí ohun tí omi ìgbín máa rí ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ ìyá nílé ti ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, níbi tí nọ́ọ̀sì ti lè fi òrùka oníke dè é, tí á já fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọmọkùnrin ni mò ń sọ o. Dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin, ìkà ni, òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sì ti lòdì sí i láti 2015.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kò kọ nílà, kò sì sẹ́ni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1949, ọdún kan lẹ́yìn tí NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Douglas Gairdner kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò nílò rẹ̀, pé awọ yẹn á máa ṣí fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà. Títí dòní, NHS kì í sábà kọlà fún ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀sìn tàbí àṣà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ nítorí ìyẹn á sanwó fún dókítà aládàáni. Báyìí ni àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n bí síbí ṣe dàgbà láìkọlà. Wọ́n á fẹ́ gbéyàwó, tàbí wọ́n á fẹ́ lọ sílé, ìtìjú á dé. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá mi gbọ́." Màmá rẹ̀ ò lè gbọ́ lẹ́nu wa, òfin ò gbà á. Nílé, àfàìmọ̀ kí ẹbí má ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tí awọ rẹ̀ há tí kò ṣí sẹ́yìn, tàbí tí ibẹ̀ ń wú léraléra, tirẹ̀ yàtọ̀. Dókítà lè kọ́kọ́ fún un ní ìpara sitẹ́rọ́ọ̀dù. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, NHS á ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nílé, á sanwó káàdì, á sì lè ra ìbọ̀wọ́ àti òwú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í sábà tó wákàtí kan. Wọ́n lè kùn ún lóorun, kò sì ní jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú. Wọ́n sì lè fún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ nìkan kú. Wọ́n á gé awọ náà, wọ́n á fi iná dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, wọ́n á fi òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ rán an. Ẹni tí wọ́n bá kùn lóorun gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa mú un lọ sílé, tí á sì sùn tì í mọ́jú.

Ọjọ́ kìn-ín-ní kì í le, torí abẹ́rẹ́ ṣì wà lára. Lọ́jọ́ kejì ni ibẹ̀ á wú, tí á dúdú bí ojú ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Kí ó má bẹ̀rù. Orí nǹkan ọkùnrin tí kò fara kan aṣọ rí, ṣòkòtò lásán á máa ta á fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí náà kí ó máa fi Vaseline pa á, kí ó máa wọ aṣọ tí kò fún. Òru ló burú jù. Nǹkan ọkùnrin máa ń dìde fúnra rẹ̀ lójú oorun, á sì máa fa ojú rírán. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí wọ́n ká orúnkún. Bí ó bá ti dìde, kí àwọn náà dìde, kí wọ́n rìn kiri yàrá. Egbò á gbà tó ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ó tó jinná. Ìbálòpọ̀ di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ 4, ó kéré tán, bí ojú egbò tilẹ̀ ti dí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kánjú, tí òwú á sì já.

Níbí, òṣìṣẹ́ lè fi ọjọ́ 7 jókòó sílé láì mú ìwé dókítà wá. Mẹkáníìkì tàbí oníṣòwò nílé kò ní irú ẹ̀, nítorí náà kí ó fi iṣẹ́ abẹ náà sí ìgbà tí ọjà bá dá.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde láìka bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí, bí egbò bá ń ṣọyún, bí ibà bá dé, tàbí bí kò bá lè tọ̀, kí ó lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn (A&E) lóru yẹn gan-an. Ojoojúmọ́ la ń rí i, kò sí nọ́ọ̀sì tó máa fi í ṣẹ̀sín.