"Mi ò sí nílé"

Nọ́ọ̀sì wá sílé wa láàárọ̀. Ó wo gìgísẹ̀ Bàámi, ó wo ìdí àti ìbàdí wọn, ó ní kò sí ibi tó pọ́n. Fisiọ́, ẹni tó ń bá wọn ṣe eré ìdárayá ara, náà wá, ó ká orúnkún wọn, ó nà án. Ìròyìn òní ò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí fóònù ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀rẹ́ wọn ló pè, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń dá a lóhùn pé, "Rárá o, mi ò sí nílé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà."

Inú bí mi díẹ̀. Níbo ni bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún wà? Torí kí wọ́n lè wà nílé la ṣe ń ṣe gbogbo èyí: ká máa yí wọn padà ní wákàtí 2-2, lóru pàápàá, ká máa fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn kí gìgísẹ̀ má baà kan bẹ́ẹ̀dì...

Nígbà tó dọ̀sán, mo jókòó tì wọ́n, mo wo ibi tí ojú wọn ń wò. Àjà ni. Láti ibẹ̀ èèyàn ò rí ẹnu ọ̀nà, kò rí pálọ̀, ohùn wa nìkan ló ń gbọ́ bí a ṣe ń lọ tí à ń bọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ilé tí kò rí i, ṣé ó wà nílé? Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn rẹ̀ wọ́n ni.

Fisiọ́ kì í yé sọ pé kí wọ́n máa dìde jókòó, pé ìdùbúlẹ̀ ṣáá ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, ó ń mú kí oríkèé gan, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sínú ìwé, ó ń kọ bí ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó àti bí awọ ara ṣe rí. Mi ò fojú kéré ẹ̀, egbò ìdùbúlẹ̀ lè jẹ wọ egungun. Àmọ́ nínú gbogbo ìwé yẹn, kò síbi tí wọ́n ti ń kọ ibi tí aláìsàn fúnra ẹ̀ fẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí gan-an.

Gbígbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn kì í sì í ṣe eré. Èèyàn á kọ́kọ́ ti bíréèkì pa, kẹ̀kẹ́ á wà lápá ibi tí ara wọn ti lágbára, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná kí òòyì má baà kọ́ wọn. Tí wọ́n bá wá débẹ̀ tán, kò ní ju ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ tí a ó tún fi bá wọn sún ìdí. Ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn ń ro èmi náà.

Lálẹ́ mo ní, "Bàámi, ṣé ká gbé yín lọ sí pálọ̀ lọ́la?" Wọ́n ní ta ló fẹ́ gbé wọn. Mo ní èmi àti nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní kí n pa iná, oorun ń kùn wọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà àbí wọn ò gbà. Mo ṣáà ti ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì pé kó tètè dé.